Omi Tí A Mu Lórí Ewúrẹ́

Òwúrọ̀ ni obìnrin náà dé ibi tí àwa ọlọ́kadà máa ń dúró sí ní Èjìgbò. Ó gbé káàdì kọ́rùn, ó di fóònù fífẹ̀ kan mọ́ àyà. Ó ní òun ń lọ sí Isundunrin, pé ìjọba fẹ́ mọ bí olè ṣe ń jà tó káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ọ̀kan nínú àwa ọlọ́kadà ní, "Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Olè tí ẹ ń wá ló fẹ́ gbé yín yìí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tèmi ò dénú.

Lójú ọ̀nà, mo bi í pé ṣé àgọ́ ọlọ́pàá kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti bèèrè. Afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń pariwo sí mi létí: "Èyí tí wọ́n bá fi sùn nìkan ni ọlọ́pàá mọ̀! Ìlú tí kì í fẹjọ́ sùn á dà bí ìlú mímọ́. Èyí tó ń fẹjọ́ sùn á dà bí ìlú olè." Ó ní ìdí tí àwọn fi ń wọ ojúlé nìyẹn. Tí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á tún fi iye èèyàn pín in, torí olè méjì ní Ìbàdàn ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n olè méjì ní abúlé, kò sẹ́ni tó máa sùn.

Mo ní, "A jẹ́ pé àwa la máa gba ipò kìíní nínú ìwà mímọ́."

Nígbà tí a dé Isundunrin, abúlé wa, ilé tí fóònù rẹ̀ júwe fún un, ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ẹnì kan kó ewúrẹ́ ìyá yìí lọ nígbà tí wọ́n wà lóko. Gbogbo agboolé mọ ẹni tó kó o. Ọ̀rẹ́ mi ni, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń múra láti rán an lọ sí Abidjan. Tí ọlọ́pàá bá mú un, ìrìn àjò bàjẹ́ nìyẹn. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá títí oòrùn fi gbóná. Wọ́n gbà. Wọ́n gbé omi tútù wá nínú igbá, gbogbo wa mu ún. Ọ̀rọ̀ tí a bá ti mu omi lé lórí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ ló tún dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi lọ. Ó máa ń fi fóònù kí mi ní èdè Faransé báyìí, "Sa va?", ṣé dáadáa ni. Ewúrẹ́ ni ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́.

Obìnrin náà jókòó ti ìyá. "Mà, láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni jí nǹkan yín?"

Ìyá wò mí. "Rárá o."

Ó tẹ fóònù. Ó bèèrè nípa jìbìtì, ó bèèrè nípa ìjà. Rárá, rárá.

"Tó bá ku ẹ̀yin nìkan nílé, ṣé ọkàn yín máa ń balẹ̀?"

"Kì í balẹ̀. Mi ò lọ oko mọ́. Tí mo bá lọ, ta ló máa ṣọ́ ilé?"

Ó gbójú sókè. "Ṣebí ẹ ní wọn ò jí nǹkan kan?"

Èèkàn ewúrẹ́ ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, okùn ṣì wà lára wọn. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

"Ìyá, ẹ sọ fún un."

"Kí n sọ kí ni? Omi tí a ti mu, ṣé ó yẹ ká bì í ni?"

"Èmi ni mo bẹ̀ yín kí ẹ mu ún. Tó bá dìjà, kó wà lórí mi."

Ìyá yíjú sí àlejò. "Tí mo bá sọ ọ́, ṣé o máa kọ orúkọ ẹni tó ṣe é?"

"Rárá, mà. A kì í bèèrè orúkọ olè."

"Háà! O ò wá tètè sọ! Ewúrẹ́ mẹ́ta ni, ọ̀kan lóyún. Kọ ọ́ kíá."

Ó kọ ọ́. "Ṣé ẹ fi sun ọlọ́pàá?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

Ìyá fi àgbọ̀n júwe mi. "Bi ọmọ mi yìí."

Mo ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n má lọ."

Ó wo fóònù lọ, ó wò ó bọ̀. Kò sí irú ìdáhùn yẹn níbẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni pé ẹbí ti parí ọ̀rọ̀. Ó tẹ ìyẹn, ó dúpẹ́, ó kọjá sí ojúlé kejì.

Ìyá wọlé, wọ́n gbé agbọ̀n àti àdá jáde. "Níwọ̀n bó o ti ń dúró dè é, ṣọ́ ilé fún mi. N ó yára wo ẹ̀gẹ́ mi."

Mo jókòó ti èèkàn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mì lẹ́yìn ilé, mo dìde lọ wò ó. Kò sí nǹkan kan. Mo padà wá jókòó. Ó tún mì.