Itọ́ Ìyá Ọkọ

Ìkòròdú ni, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Benson, nínú pálọ̀ kan tí òórùn sìgá ti di ara kọ́tìnì àti tìmùtìmù àga, tó tún ń bá òórùn káńfọ̀ àti pàúdà ọmọ jìjàdù afẹ́fẹ́. O mọ irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá inú ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ti tọ́ ìwọ náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì nígbà náà, láwọn ọdún tí àwọn èèyàn ṣì ń so fóònù alágbèéká mọ́ ìbàdí kí aráyé lè rí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan gbà mí síṣẹ́ ìwádìí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò le: bí ẹnì kan bá ń mu sìgá nínú ilé, kí ni èéfín rẹ̀ ń ṣe fún àwọn tí kò mu ún? Àmọ́ kí ọ̀gá wa tó ṣàlàyé rẹ̀ tán, ìbéèrè náà á ti wọ agbádá, á ti dé fìlà.

Láti Ìkòròdú títí dé agbègbè Ẹ̀pẹ́ la ti ń gba itọ́ kiri. Tábà máa ń fi àmì kan sílẹ̀ nínú itọ́ ẹni tó bá fa èéfín rẹ̀ símú, ì báà jẹ́ òun ló mu ún tàbí ẹlòmíràn. Èéfín igi kì í fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní Ejinrin, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja fi wá ṣẹ̀sín: “Ẹ̀yin akọ̀wé, ṣé èéfín lẹ gbé mọ́tò wá wá? Ẹ jókòó, a ó dì í fún yín relé.” Àwa náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wa.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀yìn Benson yẹn ni mo fẹ́ sọ. Tọkọtaya kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló háyà níbẹ̀. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá kan. Bó bá ti dé nírọ̀lẹ́, iwájú tẹlifíṣọ̀n ló ń jókòó sí, táá máa fa sìgá. Tísà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó. Ọmọ wọn ń rá, ó sì ń húkọ́. Ìyá ọkọ wá fún ìsọmọlórúkọ, kò sì tíì padà sílé. Nítorí ikọ́ ọmọ náà ni ìyàwó fi gbà pé ká gba itọ́ òun. Kò lè wo ọkọ lójú níwájú ìyá rẹ̀ kó sọ fún un pé kó pa sìgá. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fún un kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìlànà wa ni pé ẹni tó ni ẹnu ló ni èsì. Ṣùgbọ́n ta ló máa pe ìyàwó oníyàwó sí kọ̀rọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́? Ọ̀gá wa so táì, ó kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀.

“A rí àmì tábà nínú itọ́ ìyàwó yín,” ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń retí àtẹ́wọ́.

Ìyá ọkọ ló pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n irú èyí tí a fi ń ké gbàjarè ni. “Háà! Mo gbé! Ìyàwó ọmọ mi ń mu sìgá! Àṣé ohun tó ń bá lọ sí ilé ìwé láràárọ̀ nìyẹn!”

“Ó tì o, Màmá. Ìfarakínra pẹ̀lú èéfín ni, nípasẹ̀ ìmísínú aláìmọ̀ọ́mọ̀—”

“Dókítà, ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ìyá bí. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ àbí kò sí?”

“Ó wà, ṣùgbọ́n—”

“Ó parí. Kí bàbá rẹ̀ wá mú un. Obìnrin tó ń fa sìgá kò ní tọ́ ọmọ-ọmọ mi.”

Ọkọ, tí páálí sìgá yọrí lápò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ọmọ adìẹ, ń wo fáànù lókè.

Ìyàwó kúnlẹ̀, kò sunkún. “Màmá, ẹ dákun. Kí ẹ tó ránṣẹ́ sí bàbá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba itọ́ tiyín náà.”

“Itọ́ tèmi? Ẹnu tí mo fi ń kírun?”

“Ẹnu yẹn náà ni, mà.”

“Ẹ gbé ìgò wá!” Ìyá náà tutọ́ sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń tutọ́ sójú ọ̀tá. Nígbà tí a jáde, ọ̀gá wa ní òun kò ní yẹ̀ ẹ́ wò, pé orúkọ ìyá náà kò sí nínú ètò. Mo ní, “Ọ̀gá, ilé onílé la fẹ́ tú yìí o.” Ó tún táì rẹ̀ so. Mo fi ìgò náà sáàárín yìnyín inú kúlà.

Gbogbo ìgbà tí a ń retí èsì, ìyá ọkọ ń gbóòórùn ẹnu ìyàwó rẹ̀ bó bá ti tilé ìwé dé, àwọn obìnrin inú ilé sì ń dákẹ́ bí ìyàwó náà bá ti dé ìdí kànga. Mo bá ìyàwó náà pàdé ní Benson lọ́jọ́ kan, mo bi í pé bí kò bá wá sí nǹkan kan nínú itọ́ Màmá ńkọ́? “Àga kan náà la jọ ń jókòó sí,” ó wí. “Èmi tiẹ̀ máa ń jáde lọ síṣẹ́. Màmá kì í lọ síbì kankan.”

Nígbà tí èsì dé, ọ̀gá wa ti lọ sókè òkun lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi ni mo lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Màmá ti pe gbogbo ayálégbé jọ, títí kan bàbá onílé, kí wọ́n lè ṣẹlẹ́rìí.

“Màmá,” mo ní, “ó wà lẹ́nu tiyín náà. Ó tiẹ̀ pọ̀ ju ti ìyàwó yín lọ.”

Bàbá onílé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Àlhájà! Odidi páálí lẹ máa ń rà ni, àbí ẹlẹ́yọ-ẹyọ?”

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé. Nígbà tó rọlẹ̀, mo ṣàlàyé pé ẹni tó tan sìgá ń mu, ẹni tó jókòó tì í náà ń mu. Ẹnì kan ló kàn fọwọ́ ara rẹ̀ tan án. Ìyàwó tú ọmọ kúrò lẹ́yìn, ó gbé e síwájú wọn. “Màmá, ẹ̀yin ò mu, èmi ò mu. Èyí tó ń húkọ́ yìí wá ńkọ́?”

Ìyá náà wo ọmọ títí, ó wá yíjú sí ọmọ tirẹ̀. “Gbogbo àlùwàlá tí mo ń ṣe, ìwọ ń fi sìgá sí mi lẹ́nu. Dìde. Bó bá ń wù ọ́ láti mu ún, ìta ni kó o lọ.” Baálé ilé dìde lóòótọ́, ó jáde, òun àti páálí rẹ̀. Ìyá náà gba ọmọ, ó pọ̀n ọ́n, ó sì sọ lójú gbogbo ayálégbé pé, “Ìyàwó, má bínú sí mi.” O mọ bí gbólóhùn yẹn ti wúwo tó lẹ́nu ìyá ọkọ. Orí mi wú, bí ẹni pé èmi ni wọ́n bẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún tan sìgá nínú pálọ̀ yẹn. Bàbá onílé fúnra rẹ̀ wá gba owó ilé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú sìgá lọ́wọ́, Màmá sì fi ọ̀wọ̀ ńláńlá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà fún un. Mo gbọ́ pé ikọ́ ọmọ náà ń dín kù. N kò ní purọ́ pé àwa la wò ó. Nínú ìwé tí ọ̀gá wa kọ, ó ní àwọn ìdílé náà “fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa.” Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ó sì tó lójú tirẹ̀.

Mo ti bá àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ìwádìí púpọ̀ láti ìgbà náà. Ìwé wọn nípọn, tíì wọn dùn, ohun tí wọ́n wádìí sì wà níbi tí wọ́n ti bá a. Ti ẹ̀yìn Benson nìkan ni mo fi ń yangàn, nítorí obìnrin kan fi ilé ọkọ rẹ̀ wewu lórí òtítọ́ kan tí ọ̀gá wa tó gbé e wá kò lè ṣàlàyé. Ó bá a dúró, òtítọ́ náà sì bá a dúró.