Ọkọ̀ Tí Adágún Kàínjì Gbé Mì

Àbúrò mi ọkùnrin wọ ọkọ̀ ojú omi lórí adágún Kàínjì, ó fẹ́ lọ ra ẹja gbígbẹ wá sí Ìkọ̀tún. Ọ̀sán gangan ni. Ọkọ̀ náà kò dé èbúté. A ò rí pákó kan, a ò rí òkú.

Torí pé a ò rí òkú, ìyàwó ẹ̀ kọ̀, kò ṣe opó. Èmi náà wá ń parọ́ fún un. Ìlú kan ṣáà wà nísàlẹ̀ adágún yẹn, tí omi bò nígbà tí ìjọba sé odò. Mo ní wọ́n ti fi ọkọ ẹ̀ joyè níbẹ̀, ẹja àrọ̀ ló ń gbálẹ̀ fún un.

Á bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, irọ́ yín pọ̀ jàre! Ṣé wọ́n ń jẹ ata níbẹ̀?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, ìyàwó mi. Omi ni kì í jẹ́ kó ta."

Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, mo tún bẹ̀rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá mi, ẹ má parọ́ lónìí. Ṣé ó ń bọ̀?"

Mo mi orí pé kò bọ̀ mọ́.

Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń tú irun orí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí opó ṣe ń ṣe.