Mọ́ínmọ́ín Tí Mo Ń Gbé fún Ọ̀gá Aláàánú

Àlùbọ́sà ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ní University Heights, ní Bronx. Àlùbọ́sà tútù nínú àpò pupa, páálí tí òjò ti rin, àti ẹ̀rọ amúlégbóná kan tó máa ń húkọ́ bí àgbàlagbà tó fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òun ń bọ̀. Níbẹ̀ la ti ń pín oúnjẹ fún àwọn tí kò ní, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn àlùbọ́sà tútù níbikíbi, ẹ̀yìn mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, bí ẹni pé páálí kan tún wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ gbé. Ìwọ tí o máa ń sọ pé ojú mi ti là jù, jókòó, kí n sọ ìgbà tí kò tíì là fún ọ.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan ló ń darí ẹgbẹ́ aláàánú náà. Bọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ tutù, kóòtù aláwọ̀ eérú kan ṣoṣo ló ń wọ̀ láti ìgbà òtútù kan dé òmíràn, bàtà rẹ̀ sì ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bọ́ọ̀sì ló máa ń wọ̀ wá. Ìwọ náà rò ó wò: ọkùnrin tó ń bọ́ tálákà, tó wọ bàtà tó jẹ, tó ń sáré lé bọ́ọ̀sì nínú yìnyín. Kí lo fẹ́ ká rò? A rò pé ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é bíi tiwa ni. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó láàárín ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gba kọ́bọ̀. Ta ni yóò wá dúró níwájú àgbàlagbà, kó ní, "Bọ̀dá, èló ni wọ́n ń san fún yín?" Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ẹ nírú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀?

Àánú rẹ̀ ṣe wá, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Màmá kan tó ń ti Canarsie wá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń se ẹ̀fọ́ rírò. Tèmi ni mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, mẹ́fà nínú kúlà, tí mo máa ń gbé sórí itan nínú tréènì bí ọmọ tuntun. Màmá á ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹun o jàre. Kò gbowó, ṣé kó tún wá máa gbààwẹ̀ ni?" Màmá yìí tilẹ̀ ra ìbọ̀sẹ̀ onírun fún un nígbà òtútù kan. Bọ̀dá á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á ní, "Ẹ ṣé gan-an. Ọlọ́run á ṣe é fún yín." À á ṣe àmín, à á sì máa yangàn lọ sílé.

Ní ọdún kejì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo rí ààyè sí kíláàsì nọ́ọ̀sì kan. Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, Sátidé nìkan lèmi náà sì ń ráyè. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń wá irú rẹ̀. Mo lọ sọ fún Bọ̀dá. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Inú mi dùn, àbúrò," ó ní. "Àmọ́ tí ìwọ náà bá lọ, ta ló kù? Gbogbo wa la kúkú jọ ń ru ẹrù yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo padà délé, mo kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà pé kí wọ́n fi ààyè mi fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ o. Ojú ń tì mí láti fi ọkùnrin tí kò gbowó sílẹ̀, kìkì nítorí pé èmi fẹ́ gbowó sí i.

Obìnrin ará Puerto Rico kan máa ń wá gba oúnjẹ lọ́dọ̀ wa. Akọ̀wé ni nínú ọ́fíìsì kan tẹ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó dá a jókòó. Ẹlẹ́fẹ̀ ni, a jọ máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan ó rí mi tí mò ń gbé kúlà kọjá, ó ní ta ni mo gbé e fún. Mo ní ọ̀gá wa ni, pé ọ̀fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, a ò fẹ́ kí ebi pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

"Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ ọ̀gá? Ṣé ẹ ò tíì wo iye owó tó ń gbà ni?"

Ó yọ fóònù. Àṣé ìwé tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ sí ìjọba lọ́dọọdún wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Orúkọ Bọ̀dá rèé, owó ọdún kan rẹ̀ rèé níwájú orúkọ. Ohun tí èmi ń fi ọdún mẹ́rin nu ìdí arúgbó kí n tó rí ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé tí mo bá tún un wò, ojú á tì í, á dín kù.

Obìnrin náà wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Má bínú," ó ní. "Mo ti rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa." Ó rò pé ìtùnú nìyẹn.

Mo wọlé tọ Bọ̀dá lọ. Mo ṣì kúnlẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ kí n dúró. Mo gbé kúlà sórí tábìlì, mo béèrè bóyá òótọ́ ni.

"Òótọ́ ni," ó ní, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ ló fọwọ́ sí i. Bí wọn ò bá san owó gidi, ẹni tó mọ iṣẹ́ ò ní wá. Iṣẹ́ báńkì ni mo fi sílẹ̀, àbúrò. Ṣé mo sọ fún yín rí pé mi ò gbowó?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ẹ bi mí rí?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìdí tí a fi ń se oúnjẹ fún yín."

Ó wo kúlà náà. "Ó máa ń dùn ni," ó ní.

Mo gbé kúlà mi, mo jáde. Níbi tí a ti ń dúró de tréènì, mo ṣí i, mo jẹ mọ́ínmọ́ín méjì lórí ìdúró, omi ojú ń bọ́ sí i. Kí n má parọ́ fún ọ, ó dùn lóòótọ́. Nígbà tí mo sọ fún màmá Canarsie, wọ́n ní, "Ìbọ̀sẹ̀ mi ńkọ́?"

Ṣé owó yẹn pọ̀ jù? Àwọn ènìyàn máa ń bi mí. Bí fíríìjì ńlá wa bá bàjẹ́, Bọ̀dá ló mọ ẹni tí yóò pè. Ọkọ̀ oúnjẹ kò fìgbà kan pa Sátidé jẹ. Bóyá ó tọ́ sí i. Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi ni pé ó jókòó síbẹ̀, ó ń nu awò ojú rẹ̀, ó mọ ohun tí mò ń rò nípa òun, ó sì jẹ́ kí n lọ fi ilé ẹ̀kọ́ mi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Kò parọ́ kankan. Ìtìjú tèmi ló bá a parọ́ náà.

Ọdún mẹ́ta kọjá kí n tó tún rí ààyè ní kíláàsì. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, wọ́n ń pè mí ní àǹtí. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè mí síbi iṣẹ́ àánú, màá kúnlẹ̀ kí àgbà ibẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà màá bi wọ́n ní èló ni wọ́n ń gbà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bínú. Obìnrin kan ní Queens dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó pe iye rẹ̀ ketekete sí mi létí. Ó ju ti Bọ̀dá lọ. Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀, mo ní iṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ ṣe.