Atẹ́gùn Tó Pe Àbẹ̀kẹ́

Láàárọ̀ àná, ọyẹ́ ń súfèé lójú wíńdò mi, mo bá dìde, mo tì í pa. Ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ẹ ní òtútù ń mú Bàbá. Kì í ṣe òtútù. Ewì ni.

Kí òmìnira tó dé, nílé ẹ̀kọ́ ìjọ l'Ọ́fà níbí (ìwọ̀nba tí mo kà náà kò ju ibẹ̀ lọ), tíṣà kọ́ wa ní ewì òyìnbó kan. Ọkùnrin kan dá nìkan lọ sórí òkè, kò mú àdá, kò mú ọkọ́, òdòdó ló ń wò kiri. Atẹ́gùn pe orúkọ rẹ̀ láti inú koríko, ó sì jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

A wo ara wa lójú. Nílé tiwa, ta ni kò mọ̀ pé bí wọ́n bá pe èèyàn nínú igbó, tí kò rí ojú ẹni tó pè é, kì í jẹ́? Ẹni tó bá jẹ́ ẹ yóò tẹ̀ lé e lọ ni.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," mo bèèrè, "ṣé ó padà délé?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ewì ni, ìwọ ojo yìí!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí. Ìyá rẹ̀ kú lójò tó kọjá, láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Ìyá àgbà rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ tì.

"Bí atẹ́gùn bá mọ orúkọ òyìnbó," Àbẹ̀kẹ́ sọ sí mi létí, "á mọ tèmi náà."

Bí a ṣe jáde, ó forí lé pápá ẹ̀yìn rélùwéè, níbi tí koríko ti ga ju àgbàlagbà lọ. Mo tẹ̀ lé e, mo mú òkúta dání, bí ẹni pé wọ́n ti ń sọ atẹ́gùn lókò rí. Ọyẹ́ ń gba inú koríko kọjá wúyẹ́wúyẹ́. Àbẹ̀kẹ́ na ọrùn.

"Mà!" Ó jẹ́ ẹ ketekete.

Èmi kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ló gbọ́. Ó ti gbé mi kọjá ojú irin kí n tó mọ̀ pé mò ń sá.

Ó pẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ tó jáde nínú koríko, ojú rẹ̀ rin fún omijé.

"Kí ló sọ?"

"Màmá ní kí n lọ jẹun. Ìwọ mà lè sáré o, olókùúta!"

Ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Èmi ni oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Láràárọ̀ ni mo ń wò ó lórí ìlà, tí mo ń retí ikú rẹ̀. Kò kú. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì ló wá mú un, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, mi ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní. Àwọn àgbà ilé wa ní ṣé a rí i, ó tẹ̀ lé e lọ. Tíṣà ìbá ní ewì ni. Mi ò tíì mọ ẹni tó jàre.

Pápá ti di ilé, fóònù yín sì lè ka ewì náà fún yín. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Èmi náà ti sin ìyá mi, ó ti pẹ́. Ní kékeré, ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò pè mí. Lónìí, ẹ̀rù tó mú mi ti wíńdò ni pé mo lè tẹ́tí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ìyá mi má pè mí rárá.