Ikùn Bíllíkísù

Kí òmìnira tó dé, Àsíyátù ìyàwó Sùlèímánì wà lára àwọn tí ará Kábà ń ra òrí lọ́wọ́ wọn. Jẹ́jẹ́ ló máa ń lọ, tí ó máa ń bọ̀. Àmọ́ lọ́dún tí Bíllíkísù ọmọ rẹ̀ pé mẹ́rìnlá, ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò kò jẹ́ kó gbádùn mọ́.

Ikùn ọmọ náà ń ga. Lóṣooṣù, inú rírun á dé, á lọ́ ọ pọ̀ títí á fi dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Tó bá yá, á rọlẹ̀. Kò sì rí nǹkan oṣù rí. Kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn, ikùn nìkan ni wọ́n ń wò. Ojú ti Sùlèímánì, ó kó lọ sí abà oko rẹ̀.

“Ta ló fún ọ lóyún?” ni Àsíyátù bi í.

“Ìyá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí.”

Ó gbà á gbọ́.

Nígbà tó wá di pé ọmọ náà ò lè tọ̀ mọ́, ó gbé e wọ lọ́rì kan tó ń kó iṣu, ó di ọsibítù míṣọ́n ní ọ̀nà Ìyàgbà. Dókítà òyìnbó obìnrin kan yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe ògbufọ̀, Rhoda, ọmọ Mopa, fa Àsíyátù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Okun o, ìyá,” ló fi kí i. “Ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe oyún.”

“Kí wá ni?”

“Awọ kan ló dí i lójú ara látọjọ́ tí ẹ ti bí i. Ó ti ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ni kò rọ́nà jáde. Òun ló kún inú rẹ̀, tó sì fún àpò ìtọ̀ rẹ̀ pa. Wọ́n á la awọ náà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jáde.”

“Ṣé á lè bímọ tó bá dàgbà?”

“Kò sí ohun tó ṣe ilé ọmọ rẹ̀.”

Àsíyátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Bíllíkísù jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ikùn rẹ̀ ti wọlé. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ ni pé ebi ń pa òun. Ó mu ẹ̀kọ tán, ó tún béèrè òmíràn.

Sùlèímánì gbọ́, ó sáré wá. Ó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

“Má bínú sí mi, ọmọ mi.”

Ọmọ náà fa ẹsẹ̀ jọ kí bàbá rẹ̀ lè rí ibi jókòó.

Kò pẹ́ tí wọ́n padà délé ni obìnrin kan, Ọmọ́ṣọlá, wá láti Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀, ó ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jà. Ọmọ tòun náà ń jẹ irú ìrora yìí, wọ́n sì ti ń pè é ní aláìníwà. Àsíyátù bo igbá òrí rẹ̀.

“Ẹ lọ mú un wá,” ló wí. “Èmi ni mo máa sìn yín lọ.”