Ọjọ́ Tí Gbogbo Àdúgbò Sẹ́ Ṣílẹ̀kùn

Àgádágodo ni Ṣílẹ̀kùn ń tún ṣe, ó sì ń gé kọ́kọ́rọ́. Abẹ́ agboòrùn ńlá kan tó ti ya níbi mẹ́rin ló ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó kù díẹ̀ kí àga rẹ̀ hu gbòǹgbò. Kò sí ilẹ̀kùn kan ní òpópónà wa tí kò ṣí rí. Bí ọmọdé bá ti ara rẹ̀ mọ́ inú ilé ìwẹ̀, bí àgbàlagbà bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú yàrá, "Ẹ pe Ṣílẹ̀kùn!" la máa ń pariwo. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ìyá náà á sì kọ́kọ́ ronú díẹ̀ kó tó rántí.

Ó ku oṣù kan kó pé ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì àwọn. Yàrá mẹ́tàdínláàádọ́rin! Ṣílẹ̀kùn ka ìkéde náà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Iṣẹ́ tí òrùlé wà lórí rẹ̀! Iṣẹ́ tí wọ́n á ti fún ènìyàn ní àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì! Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta. Bí èyí bá fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, abẹ́ agboòrùn ló máa wà títí ayé.

Ló bá gba fọ́ọ̀mù. Kò sọ fún ẹnì kankan, kódà kò sọ fún ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé. Ẹnu ayé ń bà á lẹ́rù. Ó fẹ́ kí a kàn ṣàdédé rí òun nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹnu wa sì ya sílẹ̀.

Ohun méjì ni wọ́n ní kó ṣe. Àkọ́kọ́, kó wá tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀daràn ni. Èkejì, aṣèwádìí kan á lọ sí àdúgbò rẹ̀ lọ béèrè irú ènìyàn tó jẹ́. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n á ti fáìlì.

Ọjọ́bọ̀ ló lọ tẹ̀ka. Obìnrin tó ń tẹ ìka fún wọn gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wò ó, ó sì fi í sílẹ̀ bí ẹni tó di ejò mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ìka yín dà?"

"Òun nìyí."

"Èyí kọ́ o. Èyí dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ìlà tó yẹ kó wà lórí ẹ̀ ńkọ́?"

"Irin ti fá a lọ. Ṣé kí n lọ wá a wá ni?"

Wọ́n da tàdáwà tó tó fi kọ ìwé òfin odidi orílẹ̀-èdè sí i lọ́wọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n nù ún, wọ́n tún un tẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ìlà bíi mélòó kan yọjú tìtìjú-tìtìjú. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ìka yìí níbi ìwà ọ̀daràn kankan. Inú Ṣílẹ̀kùn dùn, ó sì forí lé ilé pẹ̀lú ọwọ́ tó dúdú dé ìgúnpá.

Àsìkò tó ń tẹ̀ka lọ́wọ́ yẹn gan-an ni aṣèwádìí dé òpópónà wa. Ọkùnrin gíga ni, ó wọ awò dúdú, ó há fáìlì sí abíyá. Fótò Ṣílẹ̀kùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ayàwòrán ló ti ní kí Ṣílẹ̀kùn má rẹ́rìn-ín, òun náà sì gbọ́ràn débi pé ojú rẹ̀ nínú fótò náà dà bí ojú ẹni tó jí odidi afárá gbé.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ bá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọba ló rán mi wá. Ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí? Wọ́n ní Ṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn ni mo bá wá."

Gbogbo irun ara télọ̀ dìde dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, búrẹ́dì kan náà lòun àti Ṣílẹ̀kùn jọ jẹ. Ó gbé fótò náà sókè, ó dà á dojú dé, ó tún un gbé.

"Ojú yìí? Rárá o, ọ̀gá. Ojú yìí ò gba ibí kọjá rí."

"Wọ́n ní agboòrùn rẹ̀ nìyẹn."

"Ìyẹn kẹ̀? Òjò ló gbé e wá."

Aṣèwádìí kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì lọ bá bàbá onílé. Bàbá ní kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá tí Ṣílẹ̀kùn ń sùn, eku nìkan ló ń gbé ibẹ̀, eku tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹni mẹ́jọ mìíràn sẹ́ ẹ tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ ló wá kàn.

"Màmá, wọ́n ní ọmọ yín ni."

"Ọmọ mi? Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tó bímọ rí?"

"Imú yín jọra."

"Irú imú yìí? Ó pọ̀ nígboro."

Bí aṣèwádìí ṣe yí kọ́nà báyìí, màmá bú sẹ́kún, télọ̀ ká agboòrùn pamọ́, bàbá onílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ Ṣílẹ̀kùn sínú àpò. Orí ìyẹn ni Ṣílẹ̀kùn bá wa. A rí ọwọ́ rẹ̀.

"Yéè! Wọ́n ti tẹ ẹ́ níka!" Télọ̀ fà á wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. "Ọ̀rẹ́ mi, tètè sá. Má bẹ̀rù, a ti sẹ́ ẹ kanlẹ̀!"

"Ẹ sẹ́ mi fún ta ni?"

Nígbà tó ṣàlàyé tán, kò sẹ́ni tó lè gbójú sókè. Màmá ló kọ́kọ́ kọjú sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Èmi tí mo bí ẹ!"

"Màmá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ ò bí mi ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn mọ́kànlá tó sẹ́ ẹ rọ́ tẹ̀ lé Ṣílẹ̀kùn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Aṣèwádìí ṣí fáìlì, ó kà á sétí wọn: "Télọ̀, kò mọ̀ ọ́n. Onílé, ó ní eku ni. Ìyá, kò bí i."

"Ọ̀gá mi," màmá ní, "ó ti pẹ́ tí mo ti bí i, ìyẹn ló jẹ́ kó fò mí."

Télọ̀ fa ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ yọ. "Ẹ wò ó! Ìbàdí rẹ̀, ínṣì méjìdínlógójì. Ẹni tí mi ò mọ̀ ni mo máa wọn ìbàdí ẹ̀?"

Aṣèwádìí ò tilẹ̀ wo ìwé. "Ẹni tó bá purọ́ fún mi lánàá, mi ò lè kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Ẹ wá ẹnì kan tó ń gbé òpópónà yẹn, tí kò tíì purọ́ fún mi. Ẹnì kan péré. Aago méjì ni mò ń ti fáìlì."

Wọ́n wo ara wọn. Nínú gbogbo òpópónà, ẹnì kan ṣoṣo ni aṣèwádìí ò bá nílé lánàá. Onídìrí ni, ó lọ ra irun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ agboòrùn Ṣílẹ̀kùn, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí àwọn méjèèjì ti kí ara wọn gbẹ̀yìn.

Télọ̀ àti màmá sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láago kan kọjá. Ó ń dirí lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa Ṣílẹ̀kùn."

"Èmi? Mi ò ní ọ̀rọ̀ rere kankan sọ nípa ẹni yẹn o."

"Èyí tí ẹ bá ní náà ni kẹ́ ẹ máa gbé bọ̀."

Onídìrí ronú. "Tí wọ́n bá gbà á síṣẹ́, ibo ni yóò máa wà látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́?"

"Ọ́fíìsì ìjọba."

"Òòlù ẹ̀ ńkọ́?"

"Á bá a lọ."

Kíá, onídìrí bọ́ sóde. Irun oníbàárà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà oníbàárà náà tẹ̀ lé wọn tòun ti ààbọ̀ orí.

"Ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí?" aṣèwádìí béèrè.

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún mọ irú ẹ̀ mọ́!" Ló bá tú u palẹ̀. "Kílẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lu irin. Tó bá rẹ́rìn-ín, dígí mi á máa gbọ̀n. Ó yá àpótí ìjókòó mi, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dá a padà, ó ní ẹsẹ̀ kẹrin ń bọ̀ lẹ́yìn!"

Ṣílẹ̀kùn fẹ́ fèsì, bàbá onílé fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Bú u dáadáa, ọmọ mi!" màmá ń pariwo. "Sọ ti omi tó dà sí ẹ lára!"

Aṣèwádìí ń kọ ọ́, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ṣé ó jalè rí?"

Onídìrí gé ètè jẹ. Ó hàn gbangba pé ì bá wù ú kó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Kò jalè. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí kọ́kọ́rọ́ mi sọnù, abẹ́rẹ́ kan ò dín níbẹ̀. Ó kàn bú ọ̀dà tí mo fi kun ògiri ni."

"Ṣé ó lu ènìyàn rí?"

"Orin ló ń fi lu èèyàn, ọ̀gá. Tó bá ń kọrin, bí ewúrẹ́ tó há sójú fèrèsé ló ń rí."

Aṣèwádìí ka ẹ̀sùn náà, ó jẹ́ mẹ́sàn-án, kò sí ìwà ọ̀daràn nínú wọn. Ó ní ó ti tó, ènìyàn gidi lẹni tí wọ́n lè bú báyìí. Ó ku kí Ṣílẹ̀kùn fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan pé òótọ́ ni ẹlẹ́rìí sọ. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣílẹ̀kùn fọwọ́ sí ti òòlù. Ó fọwọ́ sí ti àpótí. Nígbà tó dé ìkẹsàn-án, ti orin, bírò dúró.

"Irọ́ lèyí. Mo lóhùn."

"Fọwọ́ sí i!" gbogbo wọn pariwo.

"Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá fetí ara wọn gbọ́." Ó la ẹnu, ó ki orin bọ̀ ọ́. Kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí obìnrin atẹ̀ka fi já wọlé láti yàrá kejì, tó ń béèrè ta ni ẹ̀rọ gé lọ́wọ́.

Ṣílẹ̀kùn wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Télọ̀ ń wo àjà. Màmá ń tún gèlè tí kò tú ṣe. Ó ku ìṣẹ́jú méjì.

Ó tẹ bírò mọ́ ìwé, ó fọwọ́ sí i. Ó wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ọ̀fun ń dùn mí lásìkò náà." Aṣèwádìí kà á, ó wo aago, ó lu òǹtẹ̀ lé e lórí.