Igi Òdòdó Tó Wà Lẹ́bàá Ọgbà Wa

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mi ò ti fẹ́ ilé náà. Ọkọ mi ló ní Èkó ti sú òun, òun ló sì ra ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ogún bàbá òun ni. Lọ́jọ́ tí a kó dé, ẹrù kò tíì tán nínú ọkọ̀ tí ìyá àgbàlagbà kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé kejì, tó ń wò wá bí ẹni tó ká olè mọ́lé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó yíjú, ó wọlé. Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ pé àbúrò rẹ̀ ló ta ilé fún wa, tí kò sì sọ fún un títí owó fi wọlé.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí gbogbo koríko gbẹ, tí eruku bo fèrèsé, igi kékeré kan lẹ́bàá ọgbà, tí mo ti kà sí igbó lásán, bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Òdòdó rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, ó dúró ṣánṣán lórí ẹ̀ka bí àbẹ́là. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ọkọ mi ní kí n gé e dànù.

Mo já òdòdó kan, mo gbé e lọ bá ìyá náà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe igi yìí?"

Ó wo òdòdó náà, ó wò mí. "Ṣé àbúrò mi ò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó fún yín ni? Ẹ ra ilé, ẹ ra igi. Ẹ lọ wá orúkọ rẹ̀."

Mo padà sílé. Lọ́jọ́ kejì mo gbé òdòdó náà lọ sí Ṣàgámù. Ẹni tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní òun ò tà á rí. Obìnrin tó ń ta àgbo lọ́jà ni kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Àsúnwọ̀n òyìnbó ni. Ẹ gún ewé rẹ̀, ẹ fi pa ojú làpálàpá, á lọ."

Ní àárọ̀ Sátidé kan mo ń gbálẹ̀ ni mo gbọ́ tí ewé ń já. Ìyá náà ti na ọwọ́ gba inú wáyà ọgbà, ó ń já ewé sínú abọ́. Làpálàpá ti bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Mọ́mì, mo ti mọ orúkọ rẹ̀ o. Àsúnwọ̀n òyìnbó ni. Inú ọgbà wa ló sì wà."

Kò fa ọwọ́ padà. "Ìyá mi ló gbìn ín. Ewé yìí ló fi tọ́jú gbogbo àwa ọmọ rẹ̀. Ìwọ, orúkọ nìkan lo mọ̀."

"Ẹ ò bá ti tọrọ rẹ̀."

"Kí n tọrọ ewé ìyá mi lọ́wọ́ ẹ?"

Mo wọlé, mo sọ fún ọkọ mi pé kó pe àwọn bíríkìlà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti mọ ògiri tó ga ju orí ìyá náà lọ. Ó dúró wò wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Mo já ewé tó pọ̀ sínú ọ̀rá, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣí i, ó wo ọ̀rá náà.

"Gbé e lọ," ó wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo da ewé náà sílẹ̀ síbẹ̀, mo bá tèmi lọ. Nígbà tí mo jáde nírọ̀lẹ́, ó ti gbá gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú eruku ojúlé rẹ̀, wá síwájú géètì wa.